Okùn Ogójì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìpele àti Ìdíjú

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo bá àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí àjọ fi máa ń díjú bí ó bá ti ń gbòòrò, àti bóyá ètò onípele, tí ẹnì kan ń wà lábẹ́ ẹnì kan, ni ó ń fa ìdíjú náà tàbí òun gan-an ni oògùn rẹ̀. Mo ti yọ àwọn àwàdà tí kò ṣeé kọ sílẹ̀ kúrò, mo sì tún ibi tí ẹnu mi ti sáré jù tò.

Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀dọ̀ ọlọ́sàn wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀, mo dúró ní àdúgbò Lágéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tí ó ń ka ọsàn fún oníbàárà tí ó wá rà á lápò-lápò. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń kó o, mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, méjì lọ́wọ́ òsì, ó ń jù wọ́n sínú báàfù kan tí ó gbé síwájú, ó sì ń ka márùn-ún kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún. Bí ogún bá ti pé, ọgọ́rùn-ún ọsàn ni ó wà nínú báàfù. Yóò dà á sínú àpò, yóò mú ọsàn kan láti inú òkìtì, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó jẹ́ àmì, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Àmì mẹ́rin ti wà nílẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo kí i, “Ẹ kú ọjà o, ìyá wa.” Ta ni yóò gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ tí yóò ní òun ń ka ọsàn lọ́wọ́, òun kò lè dáhùn? Ó dáhùn, ó béèrè ará ilé, ó tún yíjú sí ọlọ́kadà kan tí táyà rẹ̀ fẹ́ gun ọjà rẹ̀, ó sọ èyí tí ó yẹ kí ó sọ fún un. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó ti gbàgbé iye tí ó wà nínú báàfù. Ó rẹ́rìn-ín, ó da báàfù náà padà sórí òkìtì, ó wo ọsàn mẹ́rin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Irinwó ti wọlé,” ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tí ìyá yìí pàdánù kò ju ọsàn mélòó kan tí ó ní láti tún kà lọ. Ká ní láti orí ení ni ó ti ń kà á bọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń jù wọ́n tààrà sínú àpò, ìkíni mi nìkan ì bá ti ba iṣẹ́ ìdajì wákàtí jẹ́. Ó mọ̀ pé ènìyàn yóò kí òun, ó mọ̀ pé ọkàn òun yóò kúrò lórí ohun tí òun ń ṣe, nítorí náà ó ti pín iṣẹ́ náà sí ìsọ̀rí kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè parí, tí ó sì lè dúró fúnra rẹ̀ bí ìyókù bá tilẹ̀ dàrú. Ìyẹn ni mo ń pè ní ìpele. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, ẹni tí ó ń pàṣẹ àti ẹni tí ó ń dọ̀bálẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. A óò padà sí i.

Àwọn baba wa ti mọ ọgbọ́n yìí kí owó bébà tó dé. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó di ẹgbàá, èyíinì ni 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, 20,000, tí ó jẹ́ pé orúkọ àpò tí wọ́n ń kó o sí ni iye náà ń jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ san ẹgbàá kò ní ka ẹyọ kankan. Okùn ni yóò kà, ẹni tí ó sì fẹ́ san ọ̀kẹ́ mẹ́ta kò ní ka okùn pàápàá.

Ìṣirò rẹ̀ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo jókòó ṣe é. Ká sọ pé bí ènìyàn ti ń ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún pé nǹkan yóò dí i lọ́wọ́, tí yóò sì gbàgbé ibi tí ó kà dé. Bí ó bá fẹ́ ka 2,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró, kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mílíọ̀nù 500 tí yóò dé òpin láìsí ìdíwọ́. Bí ó bá sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbàgbé, yóò ka ẹyọ tí ó ju bílíọ̀nù 50 lọ kí ó tó parí, èyí tí ẹ̀mí ènìyàn kò gbé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kà á ní ogójì-ogójì, tí ó ń sín ogójì kọ̀ọ̀kan sókùn kí ó tó mú òmíràn, nǹkan bí okùn 67 nínú 100 ni yóò pé ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́. Bí a bá fi àtúnkà kún un, kíkà bí 50 ni okùn kan yóò gbà, àádọ́ta okùn yóò sì gba nǹkan bí 2,500. Ẹni kan náà ni, owó kan náà ni, ìgbàgbé kan náà ni. Okùn nìkan ni ó fi ìyàtọ̀ sí i.

Ní ọdún 1962, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Herbert Simon, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 1978, fi aláago méjì ṣe àpèjúwe ọ̀rọ̀ yìí. Aago tí àwọn méjèèjì ń ṣe ní ẹ̀yà 1,000. Ọ̀kan ń to gbogbo rẹ̀ papọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó fi jẹ́ pé bí oníbàárà bá pè é lórí fóònù, tí ó sì gbé aago náà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò tú ká. Èkejì ń to ẹ̀yà mẹ́wàá-mẹ́wàá di odidi kan, odidi mẹ́wàá di odidi ńlá kan, mẹ́wàá irú èyí sì di aago. Simon ṣírò rẹ̀ pé bí ìdíwọ́ bá ń wáyé ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, aláago àkọ́kọ́ yóò lò tó ìlọ́po 4,000 àkókò tí ẹnì kejì lò lórí aago kan. Láti ibẹ̀ ni ó ti sọ pé ohun dídíjú tí a bá bá láyé, ìbáà jẹ́ ara ènìyàn tí sẹ́ẹ̀lì di ẹran ara, tí ẹran ara di ẹ̀yà, ìbáà jẹ́ àjọ, a óò sábà bá a ní ìpele-ìpele, nítorí pé àwọn tí kò ní ìpele kò rí ayé pẹ́ tó láti di ohunkóhun. Ó fi kókó kan kún un tí àwọn tí ń dárúkọ rẹ̀ máa ń fò: àjọṣe tí ó wà láàárín àwọn tí ó wà nínú odidi kan gbọ́dọ̀ lágbára, kí ó sì yára ju èyí tí ó wà láàárín odidi kan àti èkejì lọ. Bí èyí kò bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ lásán ni ìpele.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílé wa níhìn-ín. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó gbé Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1952 lórí èsúsú. Èsúsú tí ó bá tóbi máa ń pín sí “ọ̀nà”, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ olórí ọ̀nà ni ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó sí, olórí ọ̀nà ni ó ń gbé e lọ fún olórí èsúsú. Ẹ ronú sí ohun tí èyí ń ṣe. Olórí èsúsú kò ní láti mọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Àwọn olórí ọ̀nà nìkan ni ó mọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà ní ọ̀nà kan lè má mọ ẹni tí ó wà ní ọ̀nà kejì rárá. Ẹni tí kò bá dá owó rẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, tí wọ́n mọ ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n mọ ìgbà tí ó ta kòkó rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ bi í léèrè, ìtìjú náà kò sì ní jáde kúrò lọ́nà náà bí wọ́n bá rí i yanjú. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ okùn kan.

Mo ti wá rí ìpele tí kò ní okùn nínú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ tún ọjọ́ ìbí mi ṣe lórí ìwé kan ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Àṣìṣe òǹtẹ̀wé ni: wọ́n kọ oṣù kẹsàn-án sí ibi tí ó yẹ kí oṣù kẹfà wà, ìwé ẹ̀rí ìbí sì wà lọ́wọ́ mi. Fáìlì mi gba orí tábìlì mẹ́sàn-án. N kò ṣe àsọdùn. Mo ń kà wọ́n, nítorí n kò ní ohun mìíràn láti ṣe lórí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò ka ohun tí ó wà nínú fáìlì náà tán. Wọ́n ń kọ “mo gbé e wá síwájú yín, sà” sí i, wọ́n ń buwọ́ lù ú, wọ́n ń gbé e lọ sókè. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè fi kálámù yí 9 padà sí 6, wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sí Àbújá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tí ó dé, ìwé kan ti sọnù nínú fáìlì náà, wọ́n sì ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì àkọ́kọ́.

Ẹni tí ó bá wo àwòrán ọ́fíìsì yẹn lára ògiri yóò rí ìpele mẹ́sàn-án tí ó tò gẹ́lẹ́ bí àkàbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe jẹ́ ti aláago àkọ́kọ́. Kò sí ìpele kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí nǹkan ń parí sí. Bí ẹnì kan bá kúrò lórí ìjókòó, gbogbo rẹ̀ tú ká, a sì padà sí ení. Ohun tí ó sì ń bí mi nínú ni pé bí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ bá ti ń lọ́ra, ojútùú tí wọ́n máa ń rí ni kí wọ́n yan alábòójútó kan sí i, tí tábìlì yóò fi di mẹ́wàá. Àwa náà nínú ẹgbẹ́ àti ìjọ wa, a kò yàtọ̀ púpọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, ìgbìmọ̀ ni a óò yàn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wà nísinsìnyí tí wọ́n ń sọ pé kí a kúkú wó àkàbà náà, kí gbogbo ènìyàn jẹ́ ẹgbẹ́, kí oníkálukú máa bá oníkálukú sọ̀rọ̀ tààrà. Mo mọ ohun tí ó ń fa ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìṣirò kò jẹ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ní láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì, ọ̀nà ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín wọn jẹ́ 45. Bí wọ́n bá di ogún, ó di 190. Bí wọ́n bá di ọgọ́rùn-ún, ó di 4,950. Iye ènìyàn lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ lọ sókè ní ìlọ́po 110. Frederick Brooks, tí ó darí iṣẹ́ sọ́fítíwíà ńlá kan ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1975 pé bí a bá fi ènìyàn kún iṣẹ́ sọ́fítíwíà tí ó ti pẹ́ jù, yóò tún pẹ́ sí i ni, nítorí pé gbogbo ẹni tuntun ni a ní láti ṣàlàyé fún, tí yóò sì tún máa ṣàlàyé fún ẹlòmíràn. Ẹ kàn wo gbọ̀ngàn WhatsApp tí ọmọ ẹgbẹ́ 200 wà nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fẹnu kò lórí àwọ̀ aṣọ ẹbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ jù lọ ni ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró díẹ̀. Ní 1956, George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ ọ́ pé iye ohun tí ọkàn ènìyàn lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bí méje lọ; ìwádìí Nelson Cowan ní 2001 tilẹ̀ fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí mẹ́rin. Síbẹ̀ a ń rántí nọ́ńbà fóònù tí ó ní ẹyọ mọ́kànlá, nítorí pé a kì í gbé mọ́kànlá. Ìdì mẹ́ta ni a ń gbé, mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ ni sísín ohun tuntun sókùn títí tí okùn náà yóò fi di ẹyọ kan lójú akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo márùn-úndínláàádọ́ta nínú èdè wa: márùn-ún tí a yọ kúrò nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Ọmọ tí ogún kò tíì dúró lọ́wọ́ rẹ̀ bí odidi kan kò lè ṣe ohun kan sí ọ̀rọ̀ yẹn ju kí ó há a sórí lọ. Ọmọ tí ogún ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni.

Ẹ̀kọ́ Ifá ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí. Odù jẹ́ 256. Bí a bá ní kí ọmọ awo kọ́ àmì 256 lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó ń ka owó ẹyọ láìsí okùn, kò ní dé ibì kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní èso mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, èso kọ̀ọ̀kan sì lè dojú dé tàbí kí ó ṣí sílẹ̀. Apá kan ṣoṣo lè ṣubú ní ọ̀nà 16, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ awo bá ti mọ mẹ́rìndínlógún náà lójú, tí ó sì mọ̀ pé apá ọ̀tún ni a ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó ti mọ orúkọ 256 nìyẹn: bí ohun kan náà bá jáde lápá méjèèjì, Ojú Odù ni, bí Èjì Ogbè tàbí Ọ̀yẹ̀kú Méjì, wọ́n jẹ́ 16, bí apá méjèèjì bá yàtọ̀, ọmọ odù ni, wọ́n jẹ́ 240. Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ Ifá yóò wá rí ibi tí yóò so rọ̀ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ odù tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún. Bí babaláwo bá gbàgbé ẹsẹ kan, kò gbàgbé odù. Bí UNESCO ti kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé, ewì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn. Èmi ń yin ẹni tí ó ronú kan ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ ní ọdún 1970. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen’s “A”, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi wọ́n wé ń gba Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tí ó kù. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ dé òpin ṣe dáadáa jù nínú ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ya àwọn kan lẹ́nu nìyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ya ọlọ́sàn Lágéré lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti sín ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan sókùn kí ó tó dé iléèwé: púpọ̀ àti díẹ̀, ìdajì, ìwọ̀n, ohun tí ó fa èyí tí ó sì fa ìyẹn. Yorùbá ni okùn náà. Olùkọ́ tí ó já okùn yẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ó ní kí ọmọ máa ṣa ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ ní èdè mìíràn, ń dá a padà sí ení ni. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí pé a ti mọ èyí láti inú ìlú tiwa yìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọ̀pọ̀ iléèwé àdáni ní ojú pópó wa sì tún ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì.

Mo ti ń yin ìpele bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti ń jáni kulẹ̀. Iná mànàmáná ní ìpele tí ojú lè rí: 330,000 fóòlùtì lórí àwọn òpó gíga, 132,000, 33,000, 11,000, kí ó tó di 415 tí ó wọ àdúgbò. Òṣogbo tí ó súnmọ́ wa ni ilé àkóso gbogbo rẹ̀ wà. Síbẹ̀, ẹ ti gbọ́ bí gbogbo rẹ̀ ti ń wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2024 ó ṣẹlẹ̀ léraléra. Gbogbo ẹ̀rọ tí ń pèsè iná sórí àwọn òpó yìí ni a so mọ́ ara wọn láti máa yí ní ìwọ̀n kan, 50 Hertz, èyíinì ni pé iná náà ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ilé iná ńlá kan bá já kúrò lójijì, ẹrù rẹ̀ yóò bọ́ sórí àwọn tí ó kù, ìwọ̀n náà yóò lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn yóò sì já ara rẹ̀ kúrò kí ó má baà bàjẹ́, èyí yóò tún fi ẹrù kún ti ẹlòmíràn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òkùnkùn. Charles Perrow, tí ó ṣe ìwádìí lórí ìjàǹbá ilé iná átọ́míìkì Three Mile Island ní Amẹ́ríkà ti 1979, sọ ọ́ ní 1984 pé ètò tí ó bá díjú, tí ẹ̀yà rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ara wọn pinpin láìsí àyè ìmí láàárín, irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ wà nínú àbùdá rẹ̀. Ìpele wà nínú iná wa, ṣùgbọ́n àyè ìmí kò tó. Ẹ sì wo bí wọ́n ti ń gbé e dìde: wọn kì í tan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé iná tí ó lè tan ara rẹ̀, bíi Ṣíróró tí omi ń yí, wọ́n ń so ìlú kan mọ́ ọn, kí ó dúró ṣinṣin, kí wọ́n tó so òmíràn. Okùn kan, lẹ́yìn náà okùn kejì.

Àléébù kejì ni pé ìpele tí ó mọ́ jù ń pa ìlú. Lójú ìwé, Ilé-Ifẹ̀ rọrùn: ilé ní olórí ilé, àwọn ilé di àdúgbò, àdúgbò ńlá márùn-ún, Ìrẹ̀mọ, Ìlódè, Ìlàrè, Mọ̀ọ́rè àti Òkèrèwè, ní ìjòyè wọn, Ọọ̀ni sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Ìjà tí olórí ilé bá lè parí kì í dé ọ̀dọ̀ ìjòyè, ibi tí ọ́fíìsì oníbẹ́ǹṣì yẹn sì ti kùnà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó gbé ìlú yìí mọ̀ pé ènìyàn ní ilé ìyá rẹ̀ ní àdúgbò mìíràn, ó ní ẹgbẹ́ tí ó bá dàgbà, ó ní mọ́ṣáláṣí tàbí ìjọ, ó ní ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Christopher Alexander, onímọ̀ ilé kíkọ́, sọ ní 1965 pé ìlú tí ó wà láàyè kì í rí bí igi tí ẹ̀ka kan kì í kan èkejì. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ilé méjì, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ilé kan wá, tí baba rẹ̀ ti ilé kejì wá, ni a máa ń rán. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ètò rẹ̀ mọ́ tónítóní yóò gé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àwòrán, yóò sì máa béèrè ìdí tí ìjà kò fi parí.

Nígbà tí mo sọ tán, ìyáàfin kan tí ó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dìde. Ó ní, “Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ ní kí a máa gba okùn láìka ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ẹni tí ó sín in bá fi méjìdínlógójì sí i ńkọ́?” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ni ó le jù ní ọjọ́ náà, nítorí òótọ́ ni pé ohun tí ìpele ń fi pamọ́ kí ọkàn má baà rù ú, ó tún ń fi pamọ́ fún olè. Mo dá a lóhùn pé bí ẹ bá tú gbogbo okùn láti kà á, ẹ ti sọ èrè sísín rẹ̀ nù. Kí ẹ tú díẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ó sín in mọ èyí tí ẹ óò tú. Bí okùn bá pọ̀ gan-an, tí ọ̀kan nínú mẹ́wàá kò sì pé, ẹni tí ó bá tú márùn-ún yóò rí ọ̀kan ó kéré tán ní nǹkan bí ìgbà 41 nínú 100. Ẹni tí ó bá tú ogún yóò rí i ní nǹkan bí ìgbà 88. Ó bi mí bóyá ọ̀rọ̀ náà bá ìwé owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá okùn mu. Mo ní ó bá a mu. Ó jókòó, ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó yọ ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan jáde, ó sì ní kí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun dárúkọ nọ́ńbà kan, èyíkéyìí tí ó bá wá sí i lẹ́nu.